Iṣẹ́ abẹ kíndìnrín kọ́ ni òpin ìrìn-àjò, ẹ jẹ́ kí á jọ rìn ín

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ tòní, nítorí pé ó bá àwọn ènìyàn kan mu tí wọ́n wà láàrin wa, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì fura sí. Àwọn náà ni àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n sì fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí wọn nínú. Wọn kò pọ̀ bí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n wọ́n wà, wọ́n sì ń pọ̀ sí i.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀bà-Ilé, ìlú Ọlọ́bà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, yóò mọ̀ pé ìlú náà àti Àkúrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Bí ènìyàn bá jáde ní kùtùkùtù òwúrọ̀ Sátidé ní ẹ̀sìtéètì ibẹ̀, yóò rí àwọn tí wọ́n wọ bàtà kánfáàsì, tí àwọn kan ń rìn kánmọ́kánmọ́, tí àwọn mìíràn sì ń sáré díẹ̀díẹ̀, kí ara wọn lè dá ṣáṣá. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ara mi: níbo ni ẹni tó gba kíndìnrín wà nínú èrò yìí?

Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ilé ló wà. Ìyàwó ti ní kó má gbé korobá omi. Àwọn ọmọ ti ní kí bàbá má dìde lórí àga. Ẹ̀gbọ́n tó ta ilẹ̀ kí wọ́n lè rí owó iṣẹ́ abẹ san ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á láàmú. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń ṣe é, a kò sì lè bá wọn wí. Àmọ́ ìfẹ́ tí kò bá ní ìmọ̀ nínú lè ṣe ni ní jàǹbá.

Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ abẹ kọ́ ni òpin ìwòsàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ẹni náà sílẹ̀ ní ọsíbítù ni iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún sì wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé lọ. Ó yẹ kí àwọn tó wà nípò yìí ní Ọ̀bà-Ilé, ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó máa pàdé, kí wọ́n jọ máa ṣe eré ìdárayá, kí wọ́n sì jọ máa kọ́ bí ènìyàn ti í ṣọ́ ara rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí iṣẹ́ abẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ronald Herrick, wọ́n sì fi í sí ara Richard, tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì. Richard tún lo ọdún 8 láyé. Ronald tó fi tirẹ̀ tọrẹ lo ọdún 56 pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo tó kù, ọdún 2010 ló tó kú. Ní ọdún 1990, wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá Dókítà Murray lọ́lá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ara ìbejì ni iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ yọrí? Àwa Yorùbá tí Ọlọ́run fi Táíwò àti Kẹ́hìndé kẹ́ yẹ kó tètè mọ̀ ọ́n. Ìbejì tí wọ́n jọra láìku síbì kan ni àwọn méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ara Richard kò mọ̀ pé àlejò ni kíndìnrín náà. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe irú ìbejì bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá ẹni ló fún ni, àwọn ọmọ-ogun tí Ọlọ́run fi sí ara láti máa bá àrùn jà yóò rí kíndìnrín tuntun náà bí ọ̀tá, wọn yóò sì dojú ìjà kọ ọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó gba kíndìnrín fi gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tó ń mú àwọn ọmọ-ogun náà rọlẹ̀, láràárọ̀ àti lálaalẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ara òun ti yá, tó wá jáwọ́ nínú oògùn, ṣe ló ṣílẹ̀kùn fún olè.

Ní orílẹ̀-èdè wa níbí, ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, ní ọsíbítù St. Nicholas ní ìlú Èkó. Ní ọdún 2002, ọsíbítù ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, tó ṣe gómìnà láti ọdún 2009 sí 2017, dá ilé ìtọ́jú kíndìnrín sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kidney Care Centre, tó sì wà lábẹ́ Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, UNIMED. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó tí wọ́n ń gbà láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà ní àwọn ọsíbítù ìjọba àpapọ̀ kan, tí UCH Ìbàdàn àti ti Abẹ́òkúta wà lára wọn.

Gbogbo èyí ló dára, a sì dúpẹ́. Àmọ́ ẹ ó rí i pé orí ẹ̀rọ àti orí iṣẹ́ abẹ ni ojú gbogbo wa wà. Ta ló ń bi wá léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà ní ọdún kejì tàbí ọdún karùn-ún, nígbà tó ti padà sí Ọ̀bà-Ilé, tí kò sí nọ́ọ̀sì nítòsí, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe é?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí á mọ̀ ni pé oògùn tó ń dáàbò bo kíndìnrín náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lára. Prednisolone máa ń mú kí oúnjẹ wu ènìyàn ní àjẹjù, ó máa ń jẹ iṣan ara, ó sì máa ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Tacrolimus lè mú kí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè. Ẹ wá fi ìjókòó tí a fi ẹni náà sí láti àárọ̀ di alẹ́ kún un. Ara yóò sanra, ẹsẹ̀ yóò di aláìlágbára, ọkàn yóò sì máa rẹ̀. Àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń pa àwọn tó gba kíndìnrín jù lọ lágbàáyé, kódà nígbà tí kíndìnrín náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nítorí náà, rírìn kì í ṣe fàájì fún wọn, ara ìtọ́jú ni.

Àwọn ará ìlú òyìnbó ti mọ èyí tipẹ́. Ní ọdún 1978, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Maurice Slapak pe àwọn tó gba ẹ̀yà ara ẹlòmíràn jọ sí ìlú Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì figa gbága nínú eré ìdárayá. Láti ìgbà náà ni ìdíje àgbáyé ọ̀hún ti ń wáyé. Ó dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní ọdún 2013, nígbà tí wọ́n ṣe é ní Durban ní South Africa, ìlú Dresden ní Jámánì ni wọ́n sì ti ṣe ti ọdún 2025. Àwọn tó gba kíndìnrín, àwọn tó gba ẹ̀dọ̀, títí kan àwọn tó gba ọkàn, ni wọ́n ń sáré níbẹ̀, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe pé mo ní kí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ní Ọ̀bà-Ilé lọ máa sáré ní Jámánì o. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí àwọn yẹn bá lè sáré, àwọn tiwa lè rìn láti ilé dé ọjà kí wọ́n sì padà. Ìmọ̀ràn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fún àwọn àgbàlagbà ni kí wọ́n máa lo ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ nínú eré ìdárayá tí kò le jù. Bí a bá pín in, ó jẹ́ 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ènìyàn fi lè mọ̀ bí ó bá ń ṣe é tó rọrùn: bí o bá ń rìn, tí o lè bá ẹnìkejì rẹ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, ó ti tó. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, dẹ ẹsẹ̀ rẹ. Dídìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, kí o tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, máa ń fún itan lágbára, kò sì ná ni ní kọ́bọ̀.

Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò sí gbígbé ẹrù wúwo, kò sí ríroko, kò sì sí gígún iyán, bó ti wù kí iyán wu ará Àkúrẹ́ tó. Ìsàlẹ̀ ikùn, lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, ni wọ́n máa ń fi kíndìnrín tuntun sí, kò sì jìnnà sí awọ ara bíi ti àdámọ́ tó wà lẹ́yìn. Fún ìdí èyí, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìjàkadì àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn kò yẹ wọ́n.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé, ṣé ẹni náà kò lè dá rìn ni? Ó lè dá rìn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tó dá ààrò sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Bí àgbẹ̀ márùn-ún bá ń ṣe ààrò, oko tí ẹnì kan ì bá fi ọjọ́ márùn-ún ro, ọjọ́ kan ni wọn yóò fi parí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sùn sílé lọ́jọ́ tí oko ẹnìkejì bá kàn. Bákan náà ni àjọ. Ìtìjú pé àwọn yòókù ti dá tiwọn ni kì í jẹ́ kí a ná owó àjọ. Ohun tí ẹgbẹ́ eré ìdárayá ń ṣe fún aláìsàn kò ju èyí lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kate Lorig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn tó ní àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n fi ń ṣe é, wákàtí méjì àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń darí rẹ̀ kì í sábà jẹ́ dókítà, àwọn tó ní àìsàn fúnra wọn ni wọ́n máa ń kọ́ láti darí. Olúkúlùkù yóò dárúkọ ohun kékeré kan tó fẹ́ ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ náà. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, yóò wá jábọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe fún un, àwọn yòókù yóò bá a wá ọ̀nà mìíràn. Ṣé ẹ rí i pé àjọ náà ni, ìlera ni wọ́n kàn ń dá dípò owó?

Kí ló yẹ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa kọ́ ara wọn ní Ọ̀bà-Ilé? Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àkókò oògùn. Tacrolimus tó jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, wákàtí 12 ló gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn. Ẹni tó bá lo ti àárọ̀ ní aago méje, aago méje alẹ́ ni yóò lo ìkejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo bí oògùn náà ṣe pọ̀ tó nínú ara, ẹ̀yìn tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ tán ni yóò tó lo ti àárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ mùsùlùmí tàbí onígbàgbọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún ẹlòmíràn kó lo tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ̀n ara kò dọ́gba.

Ìkejì ni ìwé kékeré kan, bíi ìwé tí ìyá ọlọ́jà fi ń kọ gbèsè. Inú rẹ̀ ni yóò ti máa kọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ṣe rí, bí ara rẹ̀ ti wúwo tó lórí òṣùwọ̀n, àti bí ara rẹ̀ ti gbóná tó. Bí ara bá gbóná dé ìwọ̀n 38, bí ìtọ̀ bá dínkù, bí ẹsẹ̀ bá wú, bí ara bá ṣàdédé wúwo sí i, bí ojú ibi iṣẹ́ abẹ bá ń dun ni, tàbí tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí oògùn dúró nínú, ọjọ́ náà gan-an ni kó gba ọsíbítù lọ. Kò gbọdọ̀ sọ pé ibà lásán ni.

Ìkẹta ni ohun tí a ń rà ní kẹ́míìsì àti ohun tí a ń mu. Ibuprofen àti diclofenac tí a máa ń lò fún ara ríro lè ba kíndìnrín náà jẹ́. Ọsàn gireepu máa ń mú kí tacrolimus pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ti àgbo, mi ò bú oògùn ìbílẹ̀ o, ilé oògùn ìbílẹ̀ ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ewé àti egbò kan wà tí wọ́n ń bá oògùn yìí jà nínú ara, ẹni tó gba kíndìnrín kò sì ní èyí tó fi ń ṣeré. Àwọn àgbẹ̀ inú wọn pàápàá gbọ́dọ̀ máa wọ bàtà àti ìbọ̀wọ́ bí wọ́n bá ń fọwọ́ kan ilẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá wọn gbá ilé adìẹ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, ṣé ìwọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé oògùn wọn ń mú ọmọ-ogun ara rọlẹ̀ ni, kí ló dé tí o tún fẹ́ kó wọn jọ síbi tí wọn yóò ti kó àrùn ran ara wọn? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní ìta gbangba ni kí wọ́n ti máa pàdé, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná dúró sílé, kí olúkúlùkù sì máa fọwọ́. Ní àkókò tí àrùn bá ń jà nígboro, wọ́n lè fi tẹlifóònù ṣe ìpàdé wọn, èyí tí yóò tún ran ẹni tó ń gbé ní abúlé, tí kò lówó ọkọ̀, lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní wọn kò pọ̀ tó láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fi kíndìnrín wọn tọrẹ, àwọn tí wọ́n ṣì ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, àti ìyàwó tàbí ọkọ tó ń ṣe ìtọ́jú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti gba kíndìnrín lónìí, tó ń gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò ní fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ ṣeré lọ́la.

Ohun tó le jù lọ ni àṣírí. Ọ̀pọ̀ ni kò fẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀, nítorí kí wọ́n má baà pè wọ́n ní abirùn, tàbí kí ọmọ wọn má baà rí ọkọ fẹ́. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ìwòsàn ti pé, tí ojú wá ń tì wọ́n láti gbé oògùn jáde. Mo bẹ àwọn pásítọ̀ wa, àwọn àlùfáà àti àwọn ìmáàmù wa, ẹ bá wa sọ ọ́ lórí pẹpẹ àti lórí mínúbárì pé ẹni tó ń lo oògùn kò ṣaláìnígbàgbọ́.

Ìbéèrè mi kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Kí Kidney Care Centre ní Oǹdó àti ọsíbítù ńlá UNIMED ní Àkúrẹ́ yan òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kan àti onímọ̀ fisiotẹ́rápì kan yóò fi wà pẹ̀lú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, títí àwọn aláìsàn fúnra wọn yóò fi lè máa darí rẹ̀. Kí Kábíyèsí Ọlọ́bà àti àwọn ìjòyè bá wa wá pápá kan tó tẹ́jú, tó ní ibòji. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì wo bí ètò adójútòfò ìlera ṣe lè bá àwọn ènìyàn yìí gbé díẹ̀ nínú owó oògùn, torí pé ẹni tí kò rí oògùn rà, rírìn nìkan kò lè gbà á là.

Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Kíndìnrín tí àbúrò bọ́ sára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ẹ ta ilẹ̀ àti kòkó lé lórí, kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí àga bí ère. Bí ó bá di òwúrọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ bá bàbá wá bàtà rẹ̀, kí ẹ sì dì í lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá dé ìta, kó rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.